Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ n'Íbàdàn: Ilé Yín Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfọbọ́ dé ilé wa ní Akóbọ̀, màmá mi fa àga síwájú rẹ̀, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá. Ẹ̀rọ náà á kùn díẹ̀, á dákẹ́, iná pupa kékeré kan á máa ṣẹ́jú lára rẹ̀. Màmá ní, "Ṣé ó ń fọ abọ́ ni, àbí ó ń gbàdúrà?" Nígbà tí ọ̀gá tó ń tún irú ẹ̀ ṣe dé, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Omi síǹkì ló ṣí, ó wò ó bó ṣe ń sun tín-ín-rín, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan, mà. Táǹkì yín ni kò ga tó."

Owó pampú tí mo ná lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Gbogbo bí mo ṣe ń wá ẹ̀rọ kiri, orúkọ tó wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti àyè abọ́ inú rẹ̀ ni mò ń wò. N kò wo ilé mi. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé ẹlòmíì lè di kọ́bọ́ọ̀dù lásán nílé yín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò lẹ́bi kankan.

Kí n sì ti sọ èyí kúrò nílẹ̀: bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nílé, tí abọ́ tí ẹ ń dọ̀tí lóòjọ́ ò ju márùn-ún lọ, ẹ fowó yín ra kàn-ìn-kàn-ìn tuntun. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí àlejò kì í tán ńbẹ̀, tí ọmọ tó ń bá wọn fọ abọ́ sì ti wọ yunifásítì, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táǹkì

Ẹ̀rọ ìfọbọ́ kì í fa omi bí ẹni fa ọtí nínú ìgò. Omi ló gbọ́dọ̀ fi agbára ara rẹ̀ wọlé. Nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, wọ́n máa ń kọ agbára omi tó kéré jù tó lè gbà, ní bar tàbí MPa. Òmíràn á ní 0.3 bar, òmíràn á ní 0.5. Ẹ béèrè ìwé yẹn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wá ojú ewé náà fúnra yín, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tà á ò mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí omi bá fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ, bar kan nìyẹn. Mítà 5 jẹ́ 0.5, mítà 3 jẹ́ 0.3. Ojú omi tó wà nínú táǹkì ni ẹ ó ti wọ̀n ọ́n dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ní ilẹ̀ ìdáná. Ẹ má fi ìdérí táǹkì ṣe ìwọ̀n, torí omi kì í kún dé ìdérí lójoojúmọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé alájà kan sí méjì n'Íbàdàn ti ń kọsẹ̀: táǹkì wà lórí irin tó ga tó mítà mẹ́fà, ojú ń rí i pé ó ga, ṣùgbọ́n ìdáná wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ yọ mítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò, ẹ ó rí i pé mítà mẹ́ta péré ló kù. Ayálégbé tó wà nísàlẹ̀ nínú ilé kan náà ò ní níṣòro rárá.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣe ìṣirò, ẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó sún mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ ṣí i tán pátápátá, ẹ wo aago. Bí lítà 8 sí 10 bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkàn yín balẹ̀. Bí kò bá tó, àtúnṣe méjì ló wà: kí ẹ gbé táǹkì sókè sí i, tàbí kí ẹ fi pampú kékeré sí ẹsẹ̀ páìpù tó ń lọ sí ìdáná. Pampú ni àwa fi sí i. Ó ń fẹ́ iná tiẹ̀ náà o, ẹ fi í sínú ìṣirò.

Omi tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò kéré sí bí èèyàn ṣe rò. Lítà 9 sí 15 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún ìfọ̀ kan, bí abọ́ ilé ti pọ̀ tó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ju ìfọ̀ kan lọ dáadáa. Màmá ò gbà á gbọ́ títí mo fi da họ́ọ̀sì omi ìdọ̀tí sínú bókẹ́ẹ̀tì lójú wọn. Ìgbà tí wọ́n máa ń fọ abọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ omi tó ń tú wàà, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ún.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tiẹ̀ ní omi ẹ̀rọ nínú ilé, tí ẹ̀ ń pọnmi láti kànga, kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé lé orí tábìlì, tó ní àyè tí ẹ ó fọwọ́ bu omi bíi lítà 5 sí. Ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Abọ́ tó ń gbà kéré gan-an, ẹ ó sì máa dìde sí i léraléra.

Iná: wákàtí mélòó lẹ ní?

Irin tó ń gbé omi kaná ló ń jẹ iná nínú rẹ̀. Nígbà tí irin yẹn bá ń ṣiṣẹ́, wáàtì 1,800 sí 2,400 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fà, bí áyọ́ọ̀nù méjì tí ẹ tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé e rárá. Èyí tó jẹ́ 2.5 kVA á máa mí hẹlẹhẹlẹ, láti 3.5 kVA lọ ni ọkàn ń balẹ̀.

Inverter ńkọ́? Bátìrì 12 volt tó jẹ́ 200Ah ní nǹkan bíi yúníìtì (kWh) 2.4 nínú. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, tí ẹ kò sì fẹ́ kó tètè kú, ìlàjì rẹ̀ lẹ lè ná. Ìfọ̀ kan ń jẹ bíi yúníìtì kan. Ìyẹn ni pé abọ́ ọ̀sán kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo iná tí ẹ̀ ń tọ́jú de alẹ́. Ẹni tó ní sólà tó lágbára lè fọ abọ́ ní aago mẹ́jìlá ọ̀sán nígbà tí oòrùn ń ràn. Ẹlòmíì, ẹ dúró de NEPA.

Ní ti iye owó, lára ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ti Yúróòpù wá láti ọdún 2021, nọ́ńbà ńlá tí ẹ ó rí níbi kWh jẹ́ ti ìfọ̀ 100. Ẹ pín in sí 100. Bó bá jẹ́ 90, ìfọ̀ kan á jẹ yúníìtì 0.9. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A, ìsọ̀rí àwọn tó ń rí iná jù, dé ₦225 fún yúníìtì kan, wọ́n sì dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ìfọ̀ kan lórí Band A wà ní nǹkan bíi ₦200 lọ́dún yẹn. Ẹ fi èyí wé ohun tí ẹ̀ ń san fún ẹni tó ń bá yín fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dá ara yín lóhùn.

Ṣùgbọ́n iye wákàtí tí iná ń lò ló ká mi lára ju owó lọ. Nínú ètò tí NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, là sílẹ̀, Band A yẹ kó rí iná wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ètò ìfọ̀ tí wọ́n kọ "Eco" sí, èyí tí gbogbo nọ́ńbà dídùn tó wà lára ẹ̀rọ ti wá, máa ń gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Omi rẹ̀ kì í gbóná jù, àsìkò gígùn ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí ooru ìbá ṣe. Ilé tó wà ní Band D tó ń lo Eco, iná lè lọ kí ó tó parí. Ètò kúkúrú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ò wúlò fún ọbẹ̀ wa, torí omi rẹ̀ kì í gbóná tó. Epo pupa á yọ́ díẹ̀, á tún lọ dì mọ́ ara ike.

Èyí tí ẹ ó wá lára ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á ni ètò tó wà láàárín méjèèjì, tó ń gba bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀, tí omi rẹ̀ ń dé 60 tàbí 65 °C. Bí ẹ̀rọ kan bá ní ètò mẹ́wàá tí irú èyí kò sí nínú wọn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ tún ṣe ohun kan ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ má tijú: ẹ ní kí wọ́n ki í bọ iná, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n fa wáyà yọ, kí wọ́n tún ki í bọ̀ ọ́. Òmíràn á rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé, á sì máa bá a lọ. Òmíràn á gbàgbé pátápátá, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, omi àti ọṣẹ àkọ́kọ́ ti ṣòfò. N'Íbàdàn, èyí ṣe pàtàkì ju ariwo rẹ̀ lọ. Wọ́n á máa sọ fún yín pé 44 decibel ni, pé kò ní jí ọmọ. Ọmọ wo ni ariwo ẹ̀rọ ìfọbọ́ fẹ́ jí ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ń ké?

Ẹ má ki í bọ extension láé. Ẹ ní kí oníná fa wáyà 2.5 mm² sí sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ á dúró sí, kó má ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kí wáyà tó wọ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Omi àti iná ló fẹ́ máa bá ara wọn gbé nínú àpótí irin yẹn. Bí iná àdúgbò yín bá ń fò sókè sódò, stabiliser tí kò tó 3 kVA ò ní lè gbé e. 5 kVA ni mo fi sí tèmi.

Kí ló wà nínú omi yín?

Omi Ẹlẹ́yẹlé àti ti Àṣejírè, omi odò tí wọ́n sé ni. Omi kànga àti ti borehole tí ọ̀pọ̀ wa ń lò gba inú àpáta kọjá, ó sì lè kó èròjà bíi kálísíọ́mù wá. Òun ló ń di funfun ní ìdí kẹ́tù, òun náà ni yóò dì mọ́ irin tó ń gbé omi kaná, tí kọ́ọ̀bù á fi máa rí bí èyí tí wọ́n fi ẹfun pa.

Ẹ lè fi ọṣẹ dúdú yẹ omi yín wò, owó kankan ò bá a lọ. Ẹ rọ omi kànga sínú ìgò ike kan dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ rọ omi òjò sínú ìgò kejì bákan náà. Ẹ já ọṣẹ dúdú bíntín tó dọ́gba sí méjèèjì, ẹ mì wọ́n. Omi òjò á hó púpọ̀. Bí ti kànga bá hó díẹ̀, tí omi rẹ̀ rú bí omi ògì, omi yín le. Ọṣẹ ìfọbọ́ inú ìgò ò lè ṣe àyẹ̀wò yìí, torí ó ń hó nínú omi líle náà.

Bí omi yín bá le, ẹ ra ẹ̀rọ tó ní àyè iyọ̀ nínú ikùn rẹ̀. Ẹ ó rí ìdérí rẹ̀ tí ẹ ó yí ní ìsàlẹ̀, nítòsí asẹ́. Iyọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ó rí wóróówóró. Iyọ̀ ọbẹ̀ ní àyódíìnì àti èròjà tí kì í jẹ́ kó dì, ó sì lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Mo mọ ẹni tó bu iyọ̀ ìdáná sí i torí ó ní iyọ̀ kan náà ni gbogbo iyọ̀. Ẹ̀mejì ló ti san owó àtúnṣe.

Àwọ̀ pupa ńkọ́? Ẹ pọn omi sínú bókẹ́ẹ̀tì funfun ní alẹ́. Bí ìdí rẹ̀ bá pọ́n bí ìpẹtà lówùúrọ̀, irin wà nínú omi yín. Iyọ̀ inú ẹ̀rọ kì í ṣe oògùn èyí. Láti ibi táǹkì ni ẹ ó ti fi asẹ́ omi sí i, kí inú ẹ̀rọ má bàa pọ́n láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ gbé abọ́ yín dání lọ sọ́jà

Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ mẹ́ta, àwo pẹrẹsẹ kan, ìkòkò kan àti ìgbakọ wa sínú báàgì Ghana Must Go, mo gbé e lọ sí Ògùnpa àti Dùgbẹ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rò pé mo fẹ́ tajà ni.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josephine Cochrane, tó gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìfọbọ́ tiẹ̀ lọ́dún 1886, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wọn àwo àti kọ́ọ̀bù ilé rẹ̀, ó wá fi wáyà ṣe àyè tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Àwo àlejò ilé rẹ̀ tí àwọn ìránṣẹ́ ń fọ́ létí ló ń dùn ún. Àwọn tó ń ṣe é lónìí náà ń fi àwo ṣe ìwọ̀n, àmọ́ àwo tiwọn ni. Wọ́n á kọ ọ́ pé "ẹni 12" tàbí "ẹni 14": àwo pẹrẹsẹ tó lè dúró tẹ̀lé ara wọn bí ìwé, pẹ̀lú kọ́ọ̀bù àti ṣíbí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń kà. Abọ́ tiwa jinlẹ̀. Abọ́ ẹ̀fọ́ kan ń gba àyè àwo pẹrẹsẹ méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ̀rọ "ẹni 12", ẹ ka ìlàjì rẹ̀ sí tiyín.

Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 60, ó ga tó 85, ó ń gba ẹni 12 sí 15. Èyí tó tín-ín-rín fẹ̀ ní 45, ẹni 9 tàbí 10. Ti orí tábìlì fẹ̀ ní bíi 55, ẹni 6. Fún ilé tó ń jẹ àmàlà, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ra èyí tó fẹ̀ ní 45, àfi bí àyè ò bá sí rárá. Ìkòkò kan ṣoṣo á wọ inú rẹ̀, ó tán. Ẹ rántí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ wá síwájú; bí ìdáná bá há, ẹ ó di ẹni tó ń fò ó kọjá.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa agbọ̀n méjèèjì jáde, ẹ to abọ́ yín sí i. Ẹ wò ó bóyá agbọ̀n òkè ṣeé gbé sókè sódò, kí ìkòkò lè wọ ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìgànnìgàn wáyà agbọ̀n ìsàlẹ̀ ṣeé tẹ̀ lulẹ̀, torí ibẹ̀ ni abọ́ jíjìn á dojú dé. Ẹ fọwọ́ yí apá tó ń fọ́n omi. Bí ìgbakọ yín bá ń dí i lọ́wọ́, abọ́ òkè ò ní mọ́. Wọ́n á tún fi agbọ̀n kẹta pẹlẹbẹ wù yín, èyí tó wà fún ṣíbí lókè pátápátá. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ lára gíga tí ìkòkò ń fẹ́. Agbọ̀n ṣíbí onígun tó wà nísàlẹ̀ ni mo fẹ́ràn.

Ìṣirò yín ò ní pé bí ẹ ò bá yọ ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ kúrò: orógùn, igbá, ọbẹ onígi, pákó tí ẹ fi ń gé ẹran, ìkòkò tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, àti ìkòkò aluminium. Ọṣẹ ẹ̀rọ le, ó máa ń sọ aluminium di dúdú mẹ́lọ́mẹ́lọ́, kì í sì í tètè padà sí bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ aluminium ni gbogbo ìkòkò yín, bí ti ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn, ẹ ó ṣì máa fọwọ́ fọ ìkòkò. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Tòkunbọ̀, àti ẹni tí yóò tún un ṣe

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun burúkú, bí ẹ bá kọ́kọ́ ka ìwé irin tó wà létí ilẹ̀kùn rẹ̀. Èyí tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá ń lo 230 sí 240 volt, 50 Hz, bíi tiwa. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń lo 120 volt, 60 Hz. Aládùúgbò wa kan ra irú èyí ní ẹ̀dínwó, wọ́n ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo rọ́bà ètí ilẹ̀kùn bóyá ó ti gbẹ, kí ẹ sì ní kí wọ́n da omi sí i kó ṣiṣẹ́ lójú yín. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ní gbígbẹ, rọ́bà pampú rẹ̀ lè máa jò.

Yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ béèrè: "Ta ló ń tún èyí ṣe n'Íbàdàn? Ṣé pampú àti irin rẹ̀ wà nílẹ̀?" Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e lọ sí Èkó, ẹ fi owó ọkọ̀ kún iye rẹ̀.

Ayálégbé, ẹ ra èyí tó ń dá dúró, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ tó bá dé

Họ́ọ̀sì omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ròkè kó tó wọ páìpù síǹkì. Ní ọ̀pọ̀ ìwé, 40 sí 100 sẹ̀ńtímítà sí ilẹ̀ ni. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ gbọọrọ lọ sí gọ́tà, omi á máa fà jáde nígbà tí kò yẹ. Ẹ ṣe ìfọ̀ àkọ́kọ́ láìfi abọ́ kankan sí i, ẹ fi ìwé ìnudí nu abẹ́ rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń jò.

Ọṣẹ ìfọbọ́ inú ìgò ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, kódà ìkán kan. Ìfófòó á gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde, á kún ilẹ̀. Ọṣẹ ẹ̀rọ, oníhóró tàbí lẹ́búlẹ́bú, kì í hó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní enzyme nínú: amylase ń gé sítáàṣì, ìyẹn àmàlà, ẹ̀bà àti fùfú, protease ń gé ẹyin àti ẹran. Nítorí náà ẹ má ṣe fi omi ṣan abọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn gbọn egungun àti òkèlè tó ṣẹ́kù dànù. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wá ọṣẹ yìí ní àwọn supermarket ńlá ní Bódìjà àti Ring Road, kí ẹ mọ iye rẹ̀, torí gbogbo oṣù lẹ ó máa rà á.

Asẹ́ ìsàlẹ̀ ń fẹ́ fífọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ yí i, ẹ fà á yọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi. Ewédú ló ń dí tiwa jù, ó máa ń fà bí òwú láàárín ihò rẹ̀. Màmá ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.